Kí Ìwé Àṣẹ Ó Ṣáájú Ìbéèrè: Ìwádìí Yunifásítì àti Ẹ̀tọ́ Ará Àlàbá Rago



Ọjà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, àti ọjà Àlàbá Rago kò jìnnà síra. Agbègbè Ọ̀jọ́ ni àwọn méjèèjì wà, títì márosẹ̀ Badagry kan náà ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Ìjọba Lateef Jakande ló dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1983. Ní ọjà, àwọn ará Òkè-Ọya ló pọ̀ jù. Wọ́n ń ta àgbò, wọ́n ń ta oúnjẹ tó ti ìlú wọn wá, wọ́n sì ń ra irin àlòkù, fíríìjì tó ti kú, tẹlifíṣọ̀n tó ti fọ́ àti kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Òkòkómaikò tàbí Ìbà lè kó ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kó sì ti padà dé kíláàsì kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìdí tí àwọn oníwàádìí fi ń wọ́ lọ sí agbègbè náà kò ṣòro mọ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣe ń da ẹrù oní-iná-mànàmáná tó ti bàjẹ́ sí Èkó, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ Àlàbá. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ yẹ ẹrù wò ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé ẹrù oní-iná-mànàmáná àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù. Apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tó bá dé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí Hausa ń pè ní baban bola ló ń fi ọmọlanke kó o kiri, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń fi òòlù fọ́ ọ, tí wọ́n sì ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà.

Níbi tí èéfín àti òjé bá ti pàdé èèyàn, ìbéèrè kì í tán. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́? Ṣé wọ́n mọ ewu tó wà nínú iṣẹ́ wọn? Ní 2015, Chimere Ohajinwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn òṣìṣẹ́ irú iṣẹ́ yìí 279 léèrè ọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, Èkó àti Aba, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wé ti àwọn alápatà 221, kí wọ́n lè mọ bí òye ewu ṣe tó láàárín àwọn méjèèjì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an. Láìsí i, ìjọba kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń bá ìwádìí jà níhìn-ín. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ yanjú ni ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ oníwàádìí kí ó tó ya ẹnu bi ẹni àkọ́kọ́ léèrè. Ìwé àṣẹ ni, láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí ìwádìí kàn. Ìwé náà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Èyí tó bá tẹ̀yìn iṣẹ́ dé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ìgbìmọ̀ ì bá ní kí wọ́n má ṣe, wọ́n ti ṣe é tán.

Ìwé kan láti Kánò

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere ní Nàìjíríà tó Kánò ní 1996. Ọ̀pọ̀ ará Àlàbá Rago ló ní ẹbí níbẹ̀ títí di òní.

Lọ́dún náà, àrùn yírùnyírùn tí Hausa ń pè ní sankarau jà ní Òkè-Ọya, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kánò kún fọ́fọ́. Àjọ àwọn dókítà tí kò mọ ààlà, MSF, wà níbẹ̀, wọ́n ń fi òògùn tí ayé ti mọ̀ tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà náà dé, wọ́n mú òògùn tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trovan lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún ọmọdé. Nǹkan bí 200 ọmọ ni wọ́n yàn. Wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ceftriaxone. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan àti 6 nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn mìíràn yè, àmọ́ etí wọn di, tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ.

Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, pé òògùn kọ́, kò sì gbà pé òun jẹ̀bi títí dòní. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà ló ṣàlàyé fáwọn òbí, tí àwọn òbí sì fi ẹnu gbà. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn kò gbọ́ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀: wọ́n rò pé ìtọ́jú ni, wọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni, wọn kò sì mọ̀ pé wọ́n lè kọ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ MSF tó wà nínú ọgbà kan náà. Ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí fọwọ́ sí kò sí.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà. Ó jáde láti orúkọ ilé ìwòsàn olùkọ́ni Aminu Kano, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 28 oṣù kẹta 1996, ó sì sọ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ilé ìwòsàn náà ti fọwọ́ sí ìdánwò náà. Nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ láti òpin 2000, ó hàn pé lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí ni wọ́n kọ ìwé náà, tí wọ́n sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Ní ọjọ́ tí ìwé náà ń tọ́ka sí, ìgbìmọ̀ náà kò tí ì sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Bí ìgbìmọ̀ bá wà ní Kánò nígbà náà, tó sì jókòó kí àwọn dókítà tó wọ yàrá àwọn ọmọ, ẹnì kan níbẹ̀ ì bá béèrè èdè tí wọn yóò fi bá òbí sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ì bá béèrè ẹni tí yóò máa wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti padà sílé. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró, ó sì lè tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Kánò gbé Pfizer lọ sílé ẹjọ́ ní 2007. Ní oṣù keje 2009, wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là, ní 2011 sì ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọdún 15 nígbà náà.

Ohun tí owó kò lè rà padà ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní 2003, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan ní Òkè-Ọya dá ẹ̀kán òògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Ìfura wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ Trovan sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn òbí ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùtọ́jú. Àárín 2004 ni Kánò tó gbà kí iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, àrùn tó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ti tún gbéra láti Nàìjíríà, ó sì ti wọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ Pfizer rí ló san gbèsè náà.

Òfin tó tẹ̀lé e

Nàìjíríà kọ́ ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ẹ̀tọ́ nínú Ìwádìí Ìlera, NHREC, kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo láti Ìbàdàn sì ṣe alága rẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde tí gbogbo oníwàádìí ìlera gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nígbà tó di 2014, Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè sọ ọ́ di dandan. Abala 32 òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ẹni náà ti kọ ìyọ̀ǹda sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé fún un ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ire tàbí ibi tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Abala 34 sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tó ń ṣe ìwádìí ìlera ní ìgbìmọ̀ tiwọn, tàbí kí wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n lè lọ bá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò kì í ṣe ti ilẹ̀ Adúláwọ̀ nìkan. Ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà ń wo 399 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn syphilis láti 1932. Wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ń tọ́jú “ẹ̀jẹ̀ búburú”, wọ́n sì fi pẹnisílíìnì dù wọ́n nígbà tó ti di òògùn tí gbogbo ayé mọ̀. Ogójì ọdún gbáko ni. Ìgbà tí oníròyìn tú àṣírí rẹ̀ ní 1972 ni wọ́n tó ṣíwọ́, òfin tó sọ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní 1974. Ibi gbogbo tí ìgbìmọ̀ yìí ti wà lónìí, ẹ̀jẹ̀ tàbí omijé ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìwé àṣẹ ń gbà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀ yìí tí wọn kò mọ àwọn tó jókòó níbẹ̀. Ìlànà 2007 ní èèyàn 5 ni ó kéré jù. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn náà. Ẹni yẹn ni yóò máa fi ojú ará ìta wo ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní LASUTH ní Ìkẹjà, àti ní ibùdó ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yábà. Ní Ìbàdàn, yunifásítì àti ilé ìwòsàn olùkọ́ni UCH jọ ní ọ̀kan, yunifásítì náà sì tún ní òmíràn tó wà fún ìmọ̀ àwùjọ àti èdè. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ìwádìí tí kò la ẹ̀jẹ̀ lọ náà lè dá ọgbẹ́ sí ara èèyàn. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ bi nípa gbèsè, nípa ìyàwó tó sá lọ, tàbí nípa ohun tí ọlọ́pàá ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ti fi ọ̀rọ̀ tó lè kó bá a sí ọwọ́ àlejò.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó lọ síwájú ìgbìmọ̀ kò pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ alábòójútó rẹ̀ yẹ kó ti béèrè tẹ́lẹ̀. Àlàkalẹ̀ iṣẹ́ ni ti àkọ́kọ́: kí ló fẹ́ mọ̀, ta ni yóò bi, báwo ni yóò ṣe yàn wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìbéèrè gan-an, ìwé ìyọ̀ǹda ní gbogbo èdè tí yóò lò, ìwé ẹ̀rí pé ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí, àti lẹ́tà alábòójútó. Ẹ̀kọ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò TRREE wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní apá kan tó dá lórí òfin Nàìjíríà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ń gbà yẹ iṣẹ́ wò. Bí ewu kò bá sí rárá, wọ́n lè ní kò nílò àyẹ̀wò kíkún. Bí ewu bá kéré, ọmọ ìgbìmọ̀ kan tàbí méjì lè kà á kí ó má bàa pẹ́. Bí ó bá kan abẹ́rẹ́, ọmọdé, aboyún, ẹlẹ́wọ̀n tàbí ọ̀rọ̀ tó lè dójú ti èèyàn, gbogbo ìgbìmọ̀ ni yóò jókòó lé e. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a fúnra rẹ̀ pinnu pé iṣẹ́ òun kò léwu, olùkọ́ a sì ní “ìwé ìbéèrè lásán ni.” Ìgbìmọ̀ ló ní ìpinnu yẹn.

Àṣẹ tí wọ́n bá fún un kì í sábà kọjá ọdún kan. Nọ́ńbà máa ń wà lórí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi ìbéèrè kún ìbéèrè, tàbí kó lọ sí ọjà mìíràn, ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ fún wọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kópa, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́.

Nígbà tí ìwé bá dé Àlàbá Rago

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fọ́ irin àti bátìrì ní Àlàbá Rago láti mọ bí òjé inú ara wọn ṣe pọ̀ tó. Ìgbìmọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìdí.

Èdè ni àkọ́kọ́. Ọ̀jọ́ jẹ́ ilẹ̀ Àwórì, Ègùn sì wà níbẹ̀, Ìgbò pọ̀ ní ọjà Àlàbá ńlá, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n ń sọ ní Rago. Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní Hausa, kí ẹlòmíràn tún yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìrí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè tẹ ìka, àmọ́ ẹlẹ́rìí tí kò sí lára àwọn oníwàádìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó jẹ́rìí pé wọ́n ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Sarki, olórí àwọn Hausa ní ọjà náà. Kò sí ẹni tó lè wọ ọjà bẹ́ẹ̀ láìkí àwọn olórí rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àyè tí Sarki fún oníwàádìí láti wọ ọjà kì í ṣe ìyọ̀ǹda ẹni tó ń ti ọmọlanke. Ẹni yẹn ní ẹnu tirẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun kò ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò fẹ́ mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá kò ti ní gbọ́.

Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Èkó gbé kalẹ̀ ní 2007 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọ. Àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15 wà lára àwọn tó ń ṣa irin kiri, tí òbí wọn wà ní Kánò, Jigawa tàbí Katsina. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá tó ń ra irin lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Kò sí ìdáhùn kan tó ṣe é kọ sórí fọ́ọ̀mù kíákíá. Ìgbìmọ̀ lè ní kí wọ́n fi ọ̀ràn lọ òbí lórí fóònù pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, ó sì lè ní kí wọ́n yọ àwọn ọmọ kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá. Bí òbí bá tilẹ̀ gbà, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá ní òun kò fẹ́, a kò gbọ́dọ̀ gún un lábẹ́rẹ́.

Owó náà ńkọ́? Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí kan ti pàdánù owó oúnjẹ rẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n fi nǹkan dí i. Àmọ́ bí owó náà bá pọ̀ débi pé ebi ló ń mú un na apá fún abẹ́rẹ́, ìyọ̀ǹda rẹ̀ ti sọnù. Ìgbìmọ̀ yóò béèrè iye náà, yóò sì béèrè ìdí rẹ̀.

Àṣírí tún wà. Sísun wáyà ní gbangba lòdì sí òfin àyíká. Fọ́tò tí akẹ́kọ̀ọ́ yà láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀ lè di ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú ẹni inú fọ́tò. Láti oṣù kẹfà 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ bá èsì ẹ̀jẹ̀ gbé inú fáìlì kan náà. Ìgbìmọ̀ yóò béèrè kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ yóò wà, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí wọn yóò pa á rẹ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Ká ní èsì dé, tí òjé sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe? Ní Zamfara ní 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọmọ tó lé ní 400. A kò lè ní a kò mọ ohun tó ń ṣe. Kò tọ́ kí èèyàn gba ẹ̀jẹ̀ ẹni, kó rí oró nínú rẹ̀, kó sì fi kọ ìwé gba oyè láì padà wá sọ fún onítọ̀hún. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni ètò gbọ́dọ̀ ti wà pẹ̀lú LASUTH tàbí LUTH, kí ẹni tí èsì rẹ̀ kò dára lè ní ibi tí yóò lọ, kí wọ́n sì ti mọ ẹni tí yóò sanwó.

Ohun tí Ìbàdàn ti ṣe

Àwọn kan ní gbogbo èyí kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Ìtàn Ìbàdàn tako ọ̀rọ̀ wọn.

Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà ní àdúgbò Ìdìkàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì gbé e dé iwájú. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá àwọn bàbá àti ìyá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń padà sọ́dọ̀ wọn láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: àrùn náà kì í tètè mú àwọn àgbà Ìbàdàn tó bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Bí àwọn ará Ìdìkàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ní ìgbà kejì, ìmọ̀ yẹn kì bá tí sí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí ayé fi ń wá bí àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe yàtọ̀ síra. Ìdílé 30 ní Ìbàdàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà, èèyàn 90 lápapọ̀. Àwọn bí Charles Rotimi àti Clement Adebamowo kò kàn gbé abẹ́rẹ́ wọ àdúgbò. Wọ́n kọ́kọ́ pe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n gbọ́ ìbéèrè àti ìbẹ̀rù wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ olúkúlùkù. Wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ ará àdúgbò kalẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ohun tí ilé ìpamọ́ Coriell ní Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe. Orúkọ tí wọ́n fún àkọsílẹ̀ náà pàápàá, “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà” ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé èèyàn 90 ló ń ṣojú gbogbo Yorùbá tàbí gbogbo ilẹ̀ Adúláwọ̀. Títí di òní, yàrá ìwádìí káàkiri àgbáyé ló ń lo ẹ̀bùn wọn.

Ohun tó kù fún yunifásítì

Àròyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìdí. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrú. Ìgbìmọ̀ lè pẹ́ kó tó jókòó, owó àyẹ̀wò sì lè wọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gàrí sùn. Nígbà tí ọ̀nà tó tọ́ bá ṣòro jù, àdánwò á dé. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti kó ìdáhùn jọ tán, jọ́nà tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde á wá béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ, òun náà á sì máa wá ẹni tí yóò bá a fi ọjọ́ àtijọ́ sí lẹ́tà. Ẹni tó bá gbà fún un ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní Kánò, ìbáà jẹ́ ìwé ìbéèrè ojú-ewé méjì.

Yunifásítì lè tú ìdè yìí, kò sì nílò owó ńlá. Kí wọ́n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ ìwádìí ní ọdún kẹta, kí ọdún ìkẹyìn tó dé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gba àṣẹ kan fún àwọn iṣẹ́ kíláàsì tí ewu wọn kéré, kí ìgbìmọ̀ lè fi àkókò rẹ̀ sórí àwọn tó léwu. Kí owó àyẹ̀wò má kan akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́. Kí àwọn ẹ̀ka èdè jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ran àti oníṣòwò Àlàbá Rago, kí wọ́n kọ ìwé ìyọ̀ǹda tó ṣeé lò ní Yorùbá, Hausa, Ìgbò àti Ègùn. Kí ará ọjà kan wà nínú ìgbìmọ̀ gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ sọ èsì rẹ̀ ní ọjà náà, ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Àwọn ará Àlàbá Rago, Ìbà àti Òkòkómaikò náà ní iṣẹ́. Nígbà tí oníwàádìí bá dé pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún un àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nítorí ó yẹ kó wà lórí ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà láìsí ìjìyà. Bí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Bí ó bá ti ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, tàbí sọ́dọ̀ NHREC ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera ní Abuja.